Ìwé Àlejò

Èmi ni mo ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìgbaniwọlé
ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Maine,
níbi tí yìnyín ti ń bọ́ láti oṣù kọkànlá
tí kì í sì í fẹ́ lọ.
Iṣẹ́ mi kò tóbi: mo ń fún àlejò ní bírò,
mo ń ní, "Ẹ kọ orúkọ yín síbí."
Tó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó ka orúkọ wọ̀nyẹn fún ẹ̀rọ,
ẹ̀rọ á sì máa ṣírò ìfẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣírò níbí.
Ó wá wò wá: máàkì márùn-ún.
Ó ṣí lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: ẹyọ kan.
Ó tún un ṣí, ó tẹ àwòrán ilé oúnjẹ: ẹyọ kan sí i.
Ọ̀gá mi, Lorcan Pettengill, a máa sọ pé
ọmọ tó bá fẹ́ni ni à á fẹ́,
pé a ò lè fi àga sílẹ̀ de ẹni
tí yóò gba ẹ̀yìn wa lọ síbòmíràn.
N kò lè ní irọ́ ló ń pa.
Ẹni tó ń se oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ iye ẹnu.

Whitaker Loomis wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Baba rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ gbé e wá láti Connecticut,
ọkọ̀ tó dúdú, tó ń dán bíi kóró iṣin.
Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní Mísíìsì Beal,
ó béèrè eyín ọmọ-ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.
Ọmọ dáadáa ni. Ẹ má kà á sí ọ̀tá.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, nígbà tí baba rẹ̀ lọ wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí,
ó rọra sọ fún mi pé òun kórìíra òtútù,
pé California ló wà lọ́kàn òun.
Ẹ̀rọ kò ní àyè tí a ń kọ irú ìyẹn sí.

Odile Ouellette wá lẹ́ẹ̀kan.
Àríwá pátápátá, létí odò tó pààlà pẹ̀lú Canada,
níbi tí iléèwé ti ń gba ìsinmi nígbà ìkórè
kí ọmọ lè bá ìyá rẹ̀ wa ọ̀dùnkún.
Ó wọ bọ́ọ̀sì méjì. Yìnyín dá èkejì dúró lójú ọ̀nà.
Nígbà tó fi dé, mo ti ti ilẹ̀kùn,
mo ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.
Mo rí ọmọbìnrin kan láti ojú fèrèsé:
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá ìkàwé
bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.
Ó gbá yìnyín kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó,
ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dìde.
Kò kan ilẹ̀kùn. Kò kọ orúkọ.

Oṣù kìíní ni fáìlì rẹ̀ tó dé.
Ó kọ nípa bẹ́ǹṣì yẹn; ohun tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn.
Níwájú orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ kọ òdo.
Kò ṣí lẹ́tà wa kankan. Nẹ́tíwọ́kì ilé wọn, ó ní,
a máa wá, a máa lọ, bí àna tó ń bínú.

Mo gbé e tọ Pettengill lọ.
Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Ó dùn kà. Ṣùgbọ́n ṣé ó wọlé?"
Mo ní, "A ti ti ilẹ̀kùn ni."

Àwọn òbí a máa bi mí lórí fóònù:
bí ọmọ bá fi hàn pé òun fẹ́ yín, ṣé ó ń ràn án lọ́wọ́?
Èsì tí wọ́n kọ́ mi ni, "Díẹ̀."
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ "díẹ̀".
Díẹ̀ náà ni iyọ̀ inú ọbẹ̀.
Kí ni a tiẹ̀ ń wọ̀n,
ọkàn ọmọ, àbí epo inú ọkọ̀ baba rẹ̀?

Ọ̀la ni ìpàdé.
Ìwé àlejò oṣù kọkànlá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.
Lábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, ìlà kan ṣófo.
Mo ti ṣí ìdérí bírò.